Ẹni Tó Lọ Ṣẹ́gi ní Amẹ́ríkà

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Tchatchou, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti ń múra àtidé, a máa ń dé orí ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà: àwọn ogun tí wọ́n jà, àwọn ààrẹ wọn, bí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ṣe jìjàdù títí wọ́n fi lè dìbò, bí wọ́n ṣe rán èèyàn lọ sínú òṣùpá. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ tí mo bá dé ibi ilé gíga méjì tó wó, ṣe ni màá sáré kọ ìlà mẹ́ta sójú pátákó, màá ní kí wọ́n dà á kọ, màá sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ rò pé olùkọ́ wọn kò mọ̀ ọ́n dáadáa ni. Mo mọ̀ ọ́n. Títí dòní, àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá débẹ̀.

Ìbejì ni mí. Èmi ni mo gbẹ̀yìn dé, èmi sì ni ẹ̀gbọ́n, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó gbẹ̀yìn ló rán ẹni tó ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ẹnìkejì mi ló tọ́ ọ wò fún mi. Ojú kan náà la ní, ohùn kan náà la ní. Tí a bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ọ̀kan nínú wa ń sọ̀rọ̀, bàbá wa á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́," kó má baà ṣi ẹni tó ń bá wí.

Mo ní láti ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹni tí kì í ṣe ará apá ibí. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a ó ní ó wọgbó, ó lọ ṣẹ́gi. Ẹni tó lọ ṣẹ́gi máa padà wálé, àbí? Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Tí ìyá bá sunkún, ó ti pe èyí tó kù náà sínú igbó nìyẹn. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, bàbá mi kì í sì í pa ìrun jẹ, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ìbejì, lèmọ́mù fúnra rẹ̀ á kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn onígbàgbọ́ tó wà ládùúgbò wa náà ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ dán an wò.

Bàbá mi kò lọ iléèwé, àfi ilé kéwú. Iṣu ló ń gbìn, ó sì ń ra èso kaju lọ́wọ́ àwọn ará Kika àti Goro, ó ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sí Parakou. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mọ Amẹ́ríkà ju èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀ lọ. Rédíò ló kọ́ ọ. Bí ẹlòmíì ṣe ń sọ ìtàn ìdílé rẹ̀ ló ṣe ń sọ ìtàn ibẹ̀. Ó ní òun kò tíì gbéyàwó nígbà tí wọ́n yìnbọn fún ààrẹ kan nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, tí ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Ó ní ọkọ̀ tí kò ní òrùlé! Ó ní irú ọba wo ló ń jókòó síta gbangba bẹ́ẹ̀? Nígbà tí wọ́n pa pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń kó àwọn èèyàn rìn láìmú kóńdó dání, tí wọ́n yìnbọn fún un lórí bàkóòní, bàbá mi kò lọ oko lọ́jọ́ náà. Èyí tó sì máa ń pa á lẹ́rìn-ín jù ni ti ààrẹ tó fi ipò sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ká irọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Irọ́? Irọ́ lásán? Tí ó bá jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n fi ń yọ èèyàn nípò, ta ni ìbá kù nípò ní ilẹ̀ Áfíríkà?"

Ọ̀rọ̀ òṣùpá nìkan ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ìyá mi. Ìyá mi kò gbà. Ó ní òṣùpá tí a fi ń mọ ọjọ́ ààwẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kan tó lè tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé wọ́n rìn nínú òṣùpá tó sì gbà, kò tún sí irọ́ tí wọn ò lè pa fún un." Bàbá mi á ní obìnrin ò mọ̀wé. Ìyá mi á ní òun mọ òṣùpá.

Nígbà tí ọ̀nà àtilọ Amẹ́ríkà ṣí, ẹnìkan ṣoṣo nínú wa ló lè lọ. Oníṣòwò aṣọ kan tó ń lọ síbi ọjà àgbáyé kan lọ́hùn-ún ń wá ẹni tí yóò bá òun ru ẹrù, wọ́n sì fún wọn ní físà àbẹ̀wò. Èmi ló kọ́kọ́ fẹ́ mú. Ẹ̀rù bà mí. Mo sọ fún ẹnìkejì mi pé, "Ìwọ lọ. Tọ́ ọ wò fún mi. Tó bá dùn, màá tẹ̀lé ọ." A rẹ́rìn-ín. Ó lọ, kò sì bá oníṣòwò aṣọ padà.

Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pé òun ti ríṣẹ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń nu gíláàsì ní ọ̀kan nínú ilé gíga méjì kan tó ga ju gbogbo ilé ìlú náà lọ. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: òun rèé, ó wọ kóòtù, ó gbórí sókè, ilé méjèèjì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò pé ìbejì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwọn ilé náà. Mo kà á fún ìyá mi. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú.

"Èwo nínú àwọn ilé yìí ló kọ́kọ́ wáyé?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Wọn ò béèrè kí wọ́n tó sọ ọ́ ní ìbejì?"

Bàbá mi kan fọ́tò náà mọ́ ògiri, lókè rédíò. Gbogbo àlejò tó bá wọlé wa ló gbọ́dọ̀ wò ó kó tó jókòó.

Ọ̀sán gangan ni, nígbà ìsinmi iléèwé, nígbà tí a ń wa iṣu tuntun. Èmi àti bàbá mi ń to iṣu sínú ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́bàá títì ní Tchaourou, ìlú wa. Rédíò rọ̀ sórí ẹ̀ka igi máńgòrò. Faransé ni wọ́n ń sọ, bàbá mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Faransé, èmi ni mo ń túmọ̀ tí ó bá bi mí. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ òfuurufú kan kọ lu ilé kan. Mi ò dá iṣẹ́ dúró. Mo gbọ́ pé òmíràn tún kọ lu ilé kejì. Mo dá iṣẹ́ dúró. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò ń kígbe bí ẹni tí iná ń jó, ó wá sọ ọ́: les tours jumelles.

Bàbá mi ní, "Kí ló wí?"

Mi ò lè túmọ̀ rẹ̀. 

"Mo ní kí ló wí?"

"Ilé ìbejì, Bàbá. Ilé ìbejì ló ń jó."

Ó gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin sílẹ̀. A dúró níbẹ̀, àwa méjèèjì. Dírẹ́bà ń béèrè bóyá kí òun máa lọ, a kò dá a lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọ̀kan ti wó. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní èkejì ti wó. Èyí tí wọ́n kọ lù kẹ́yìn ló kọ́kọ́ wó. Ìyẹn ló ṣe mí ní háà jù lọ. Mo wà lórí ilẹ̀ ní Tchaourou, ara mi le koko, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bí ẹni pé ilẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ mi. Mo rán an níṣẹ́. Èmi tí mo gbẹ̀yìn ni mo rán an níṣẹ́.

Ní ìgbà yẹn, kò tíì sí tẹlifóònù alágbèéká lọ́wọ́ irú wa. Kabíìnì kan, ilé ìpe tẹlifóònù, ló wà lẹ́bàá gáréèjì, obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní tátà ló ni ín. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀, mo lọ lọ́sàn-án, mo lọ nírọ̀lẹ́. Nọ́ńbà yàrá tí ẹnìkejì mi ń gbé ni mò ń tẹ̀. Kò wọlé. Ọjọ́ kejì, kò wọlé. Ọjọ́ kẹta, ó ń ké pìì pìì pìì. Tátà náà ti fi àga kan sílẹ̀ fún mi. Àwọn tó fẹ́ pe èèyàn wọn á rí mi, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbìyànjú ná." Nílé, ìyá mi ń din wàgàṣì, wàrà tó le, lẹ́bàá títì bí ó ṣe máa ń ṣe. Àwọn Fúlàní ń gbé e wá, ó ń din ín, àwọn èrò ọkọ̀ ń rà á. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ojú mi nìkan ló ń wò tí mo bá ti ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé e.

"Alòó?"

Kì í ṣe ohùn tèmi, ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe ohùn tiwa. Mo sọ Faransé, kò gbọ́. Mo sọ Yorùbá, ó dáhùn. Ará Nàìjíríà ni, wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó dà bí ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mélòó kan.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkejì mi dà? Ìbejì mi, ará Bẹ̀nẹ̀."

"Áà, ọ̀gá yẹn!" Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti wọgbó. Ó ti lọ ṣẹ́gi."

Tẹlifóònù já.

Mi ò béèrè igbó wo. Mi ò béèrè ìgbà wo ló lọ. Mi ò tún nọ́ńbà náà tẹ̀. Èmi olùkọ́, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n béèrè, pé kí wọ́n má gba ohunkóhun tí wọn kò tíì yẹ̀ wò, gbólóhùn méjì péré ni mo gbọ́, mo sì gbé e lọ sílé fún ìyá mi.

Ó ń yí wàgàṣì padà nínú epo. Mo ní, "Ìyá, wọ́n ti gbé e." Ó dúró. Mo ní, "Wọ́n ní ó wọgbó. Wọ́n ní ó ti lọ ṣẹ́gi."

Ó ń wo inú epo. Wàgàṣì kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé."

"Èdè wo ló fi sọ ọ́?"

"Yorùbá."

"Á jẹ́ pé òótọ́ ni," ó wí. Ó yọ wàgàṣì tó jóná, ó fọwọ́ ara rẹ̀ paná. Mo ti yanu láti ké. Ó gbá mi lẹ́nu mú. Kò gbá mi létí o, ẹnu mi ló gbá mú, ó di í pa, ó sì fi ojú rẹ̀ sún mọ́ tèmi. "O ò gbọdọ̀ sunkún. Ìwọ ló kù. Ṣé o gbọ́? Ìwọ nìkan ló kù."

Òun náà kò sunkún. Kò sí ẹ̀kán omijé kan ṣoṣo. Mo wo ojú rẹ̀ títí, ó gbẹ bí àgbàlá nígbà ọyẹ́. Ẹ̀rù obìnrin yìí bà mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe bẹ̀rù ìròyìn lọ.

Bàbá mi ní tirẹ̀ já fọ́tò kúrò lára ògiri, ó sì pa rédíò. Mi ò rí i kó pa rédíò ní ọ̀sán rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Ó ní, "Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, pé wọ́n pa lágbájá, wọ́n pa tàmẹ̀dù. Bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ ni mo ṣe ń gbọ́ ọ. Kí ni mo ń gbádùn nínú rẹ̀?" Ó bi èmi ní ìbéèrè yìí bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n.

Àwọn ará àdúgbò wá kí wa. Ẹ kì bá jẹ́ mọ̀ pé ìkíni ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n ní, "Yóò tètè dé o." Wọ́n ní, "Igi ló jìnnà." Tọ́ńtọ́n kan, ìbátan wa, wá láti Goro, ó ru iṣu wá, ó ní kí ẹni tó lọ ṣẹ́gi lè bá nǹkan jẹ tó bá dé. Ìyá mi ń dáhùn pé, "A ń retí rẹ̀." Wọ́n ń bu oúnjẹ méjì fún mi, abọ́ méjì, ife omi méjì, mo sì ń jẹ méjèèjì nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.  Ilé kan kún fún èèyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wọn, ó kù díẹ̀ kí n ké pé gbogbo wa ti ya wèrè.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà fún un ni tátà oní kabíìnì sáré wọ àgbàlá wa láìwọ bàtà. Ó ń nàka sí mi, kò lè sọ̀rọ̀. "Wá," ó wí. "Wá, wá, wá. Ìwọ ló wà lórí tẹlifóònù."

Mo ní, "Èmi wo?"

"Mi ò mọ̀! Ohùn rẹ ni!"

Mo sáré. Mo gbé e sétí. "Alòó?"

"Kí ló dé tí o fi ń mí hẹlẹhẹlẹ bẹ́ẹ̀?" ni ẹnìkejì mi wí. "Ta ló ń lé ọ?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kabíìnì náà. Ó ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọlé, ohùn nìkan ló ń wọlé. Ó ní wọ́n ti dá òun dúró níbi iṣẹ́ gbígbálẹ̀ yẹn láti bí oṣù méjì, ojú ti òun láti sọ fún wa, bàbá ti kan fọ́tò mọ́ ògiri. Ó ní iṣẹ́ tí òun wá rí ni pé àwọn kan ń kó wọn lọ sínú igbó tó jìnnà, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé igi ńláńlá, tí wọ́n sì ń la igi náà fún àwọn tó ń dáná nígbà òtútù. Kò sí tẹlifóònù níbẹ̀. Ó gbọ́ nípa ilé méjèèjì lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì sunkún àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí. "Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹ ò mọ̀ pé mo ti kúrò níbẹ̀," ó wí. "Mo ti gbàgbé pé ẹ ò mọ̀."

Ó lọ ṣẹ́gi. Ó lọ ṣẹ́gi lóòótọ́. Ará Nàìjíríà yẹn kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, ohun tójú rẹ̀ rí ló sọ.

Mo sọ fún un pé kó dúró, kó má gbé e kalẹ̀, mo sì sáré lọ pe ìyá mi. Bàbá mi ti ń bọ̀ láti mọ́sálásí, a pàdé lọ́nà, mo nàka sí kabíìnì, ó wọlé lọ. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó bi ọmọ rẹ̀ pé ta ló jẹ ààrẹ lẹ́yìn èyí tí wọ́n pa nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé. Nígbà tí ó gba ìdáhùn, ó dì mọ́ ògiri kabíìnì náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, tátà náà sì ń gbé omi fún un.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò dìde. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń ké, mo ní ó wà láàyè, mo ní ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tí ibà ń mú. Ó ní, "Ẹni tó lọ ṣẹ́gi kì í pe tẹlifóònù." Mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi dé, ó bẹ̀ ẹ́. Ó yí sí bàbá mi, ó ní, "Ìwọ tí o gbà pé wọ́n tẹ òṣùpá." Ó sì ju igi sínú iná, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

A ní yóò gbà tí ọmọ náà bá wálé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè wálé. Lẹ́yìn tí àwọn ilé yẹn wó, Amẹ́ríkà tilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ pápíè, ìwé ìgbélùú wọn, le koko, pàápàá fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ jọ tiwa. Tó bá jáde, kò ní lè padà wọlé mọ́, òun ló sì ń gbọ́ bùkátà ilé. Ó ń fara pamọ́. Láti ìlú kan sí òmíràn, iṣẹ́ kan sí òmíràn. Nígbà tí tẹlifóònù alágbèéká dé Tchaourou, ó ní kí n ra ọ̀kan fún ìyá wa. Mo rà á. Ìyá mi kò mọ nọ́ńbà kà, mo kọ́ ọ ní ibi tí yóò tẹ̀ tó bá dún. Sí ìyàlẹ́nu wa, ó ń gbé e. Ó ń bá ẹnìkejì mi sọ̀rọ̀. A dúpẹ́, a ní ó ti gbà.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìsinmi ẹnìkejì mi, nítorí náà Ọjọ́rú ló máa ń pè é. Lọ́jọ́ náà, èmi ti wà ní Tchatchou, inú kíláàsì, tàbí lóko nígbà ìsinmi. Lálẹ́, yóò wá pe èmi, yóò máa sọ fún mi ohun tí ìyá wa bá a sọ. Ó ní ìyá ní kí òun máa jẹun dáadáa. Ó ní ìyá ní kí òun má máa rìn nínú oòrùn Tchatchou. A rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá ní kí òun má na ọmọ ọlọ́mọ ní iléèwé mọ́. A tún rẹ́rìn-ín, a ní ogbó ti ń dé, ìyá ti ń kó wa pọ̀ mọ́ra.

Ọdún tí aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ wọlé ààrẹ lọ́hùn-ún, bàbá mi ti dàgbà gan-an. Kò sùn. Ó pe ẹnìkejì mi, ó ń bi í pé ṣé òótọ́ ni, ṣé wọn ò ní pa á bí wọ́n ṣe pa pásítọ̀ yẹn. Ó ní òun fẹ́ kí ààrẹ náà pẹ́ lórí ipò títí ọmọ òun yóò fi lè wálé. Bàbá mi ni kò pẹ́ tó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Orí tẹlifóònù tí mo gbé kalẹ̀ lẹ́bàá sàréè ni ẹnìkejì mi ti gbọ́ bí a ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ sórí bàbá wa.

Nígbà tí tẹlifóònù tó ń fi ojú hàn dé, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Mo lọ sílé lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo ní kí ẹnìkejì mi gba àyè níbi iṣẹ́, mo gbé tẹlifóònù náà síwájú ìyá mi. "Ìyá, ẹ wò ó! Ẹ wò ó bó ṣe ń sọ̀rọ̀!" Ojú ẹnìkejì mi wà nínú gíláàsì, ó ń pè é. Ìyá mi wò ó. Ó wo èmi. Ó tún wò ó.

"Ojú rẹ nìyẹn," ó wí.

"Rárá, Ìyá, òun ni!"

"Wọ́n ya fọ́tò rẹ, wọ́n jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Àwọn tó rìn nínú òṣùpá, kí ni wọn ò lè ṣe?" Ó fọwọ́ pa mí lórí, èmi ọkùnrin tó ti ń hewú. Ó ní, "Ó ti tó, ọmọ mi. Ó ti tó." Inú bí mi gan-an ni. Mo pa tẹlifóònù náà, mo sì padà sí Tchatchou láìjẹun.

Ọdún tó kọjá, ìjọba tuntun ibẹ̀ ní àwọn fẹ́ kó gbogbo àwọn tí kò ní pápíè dà síta. Mo ń gbọ́ ọ lórí rédíò, bí bàbá mi ṣe máa ń gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹnìkejì mi kò pè. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà tí kò wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ńbà ilẹ̀ wa níbí ló pè mí. Ohùn mi ló ń sọ̀rọ̀.

"Kutọnu ni mo wà. Wọ́n ti dá mi padà."

Mo lọ pàdé rẹ̀ lẹ́bàá títì ní Tchaourou. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan. Ó sanra díẹ̀ jù mí lọ, irun rẹ̀ ti funfun bíi tèmi. Ojú ń tì í. Ó ní òun kò mú nǹkan kan bọ̀. Mo ní kó panu mọ́. Mo dì í mú, ara rẹ̀ gbóná, ó ń làágùn, mi ò mọ ohun tí mo ń sọ mọ́.

Ìyá wa jókòó lábẹ́ òjìji ilé, ó ń ṣa èso òrí nínú igbá. A dúró níwájú rẹ̀, àwa méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbójú sókè. Èso òrí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

"Èwo nínú yín ni olùkọ́?"

Mo nawọ́ sókè.

Ó wo ẹnìkejì mi. "Ta ló wá ń pè mí láti ọjọ́ yìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Gbogbo Ọjọ́rú?"

"Gbogbo Ọjọ́rú, Ìyá."

Ó yíjú sí mi.  "Mo rò pé ìwọ ni," ó wí. "Mo rò pé àárò rẹ̀ ló ń pa ọ́, tí o fi ń lọ fara pamọ́ sí Tchatchou, tí o ń fi ohùn rẹ̀ pè mí. Mo ní tí mo bá sọ fún ọ pé mo ti mọ̀, ìwọ náà á lọ. Mo bá ń gbé e. Mo bá ń dáhùn, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

 Ogún ọdún ó lé ni mo fi ń bínú sí i pé ó ya olóríkunkun. Òun nìkan ló wà nínú ọ̀fọ̀ náà láti ọjọ́ yẹn, kò sunkún, ó sì tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ó na ọwọ́ sí ẹnìkejì mi, ó fà á lápá, ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́bàá ara rẹ̀.

"Jókòó," ó wí. "Mi ò tíì bá ọ sọ̀rọ̀."